Omi lè dànù kí agbè má fọ́: Bí wọ́n ṣe ń tún àwọn ọkọ̀ oníṣan ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe

Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kìíní, ọdún 2020, wọ́n lu ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ní gbàǹjo ní ìlú Kissimmee, ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ti ṣá, ara rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú níbi púpọ̀, ìpẹtà sì hàn lára rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀, tí ó bá rí i létí títì, lè rò pé àwọn tí ń ra irin àlòkù ni yóò wá gbé e lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbàǹjo náà parí, mílíọ̀nù 3.74 dọ́là ni ẹni tí ó rà á san, pẹ̀lú owó iṣẹ́ àwọn tí ó ṣe gbàǹjo náà.

Ọkọ̀ ọ̀hún ni Ford Mustang GT ti ọdún 1968 tí gbajúmọ̀ òṣèré nì, Steve McQueen, wà nínú fíìmù Bullitt tí ó jáde ní ọdún kan náà. Ìdílé kan ni ó rà á ní ọdún 1974 ní 6,000 dọ́là, tí ìyàwó ilé sì ń wà á lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni ń wa ọkọ̀ lásán. Ní ọdún 1977, McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n tà á fún òun, ṣùgbọ́n wọn kò gbà. Nígbà tí ọkọ̀ náà daṣẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980, wọ́n gbé e pamọ́, aráyé kò sì tún fojú kàn án mọ́ títí di oṣù kìíní ọdún 2018. Kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n ṣe é kí ó lè rìn, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọwọ́ kan ọ̀dà àtijọ́ náà. Wọn kò na ibi tí ó tẹ̀. Wọn kò gé àwọn irin tí àwọn tó ya fíìmù náà jó mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti fi gbé kámẹ́rà.

Bí ó bá ṣe pé wọ́n ti gbé e lọ fún àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà ní ọdún 1985, tí wọ́n há gbogbo ara rẹ̀, tí wọ́n sì kùn ún kí ó máa dán bíi dígí, ọkọ̀ arẹwà ni ìbá jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àmì tí ń jẹ́rìí sí ìtàn rẹ̀ ì bá ti bá ọ̀dà rẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti le gan-an nìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń tún ṣe àti ohun tí ó ń pa rẹ́, nítorí pé nínú iṣẹ́ náà, àwọn nǹkan kan wà tí a lè dá padà, àwọn mìíràn sì wà tí a kò lè rí mọ́ láéláé.

Ibi tí ọkọ̀ oníṣan ti ṣẹ̀ wá

Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car, èyí tí èèyàn lè pè ní ọkọ̀ oníṣan ní èdè Yorùbá, ni ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀, tí owó rẹ̀ kò sì ga ju agbára òṣìṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ ìtàn náà gbà pé Pontiac GTO ti ọdún 1964 ni ó la ọ̀nà fún àwọn yòókù.

Ọgbọ́n ni wọ́n fi bí GTO. Ní ọdún 1963, ilé-iṣẹ́ General Motors, tí ó ni Pontiac, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ jáwọ́ nínú eré ìje ọkọ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ náà kò sì gbà kí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ Pontiac Tempest tóbi ju nǹkan bí lítà 5.4 lọ. John DeLorean, tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Pontiac nígbà náà, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kò pe GTO ní ọkọ̀ tuntun. Wọ́n ní àfikún lásán ni, tí oníbàárà lè bèèrè fún nígbà tí ó bá ń ra Tempest LeMans, tí owó rẹ̀ kò sì tó 300 dọ́là. Òfin náà kò sọ nǹkan kan nípa àfikún. Bí ẹ́ńjìnnì lítà 6.4 ṣe wọ inú ọkọ̀ kékeré nìyẹn, tí wọ́n sì ta 32,450 nínú rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù kò káwọ́ gbera. Chevrolet gbé Chevelle SS jáde, Dodge ṣe Charger, Plymouth sì gbé Road Runner jáde ní ọdún 1968 ní iye tí kò tó 3,000 dọ́là, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ oṣù lè rí i rà. Ford Mustang àti Chevrolet Camaro kéré ju àwọn wọ̀nyí lọ, àwọn kan sì ní ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ní ẹ́ńjìnnì ńlá nínú wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà mọ́ ọkọ̀ oníṣan.

Ìgbà ọ̀hún kò pẹ́ púpọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó gegere lé àwọn ọ̀dọ́ tí ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ ní ọdún 1970, General Motors sì dín agbára àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kù láti ọdún 1971 kí wọ́n lè máa lo epo tí òjé inú rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ títa epo fún Amẹ́ríkà dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ọ̀rọ̀ náà di ẹran tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Àwọn ọkọ̀ tí ń mu epo bí omi di ẹrù lọ́rùn àwọn tí ó ni wọ́n. Wọ́n ń tà wọ́n ní ọ̀pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń wà wọ́n forí sọ igi, a sì ń fi òmíràn ṣeré. Láàárín ọdún 1979 sí 1985 nìkan, àwọn tí ń ṣe eré tẹlifíṣàn The Dukes of Hazzard fọ́ Dodge Charger tí ó lé ní igba. Ìdí nìyí tí èyí tí ó kù lónìí fi wọ́n bí ojú.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ẹni tí ó bá ní irú ọkọ̀ yìí lónìí ní ọ̀nà mẹ́ta níwájú rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni kí ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ṣe bá a, kí ó kàn ṣe é kí ó lè rìn, kí ìpẹtà má sì jẹ ẹ́ sí i. Ọ̀nà yìí ni ìdílé tí ó ni Mustang Bullitt gbà. Ó dára fún ọkọ̀ tí ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí i mọ́ sì ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tẹnu mọ́, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń jẹ́ ojúlówó.

Ọ̀nà kejì ni kí ó dá ọkọ̀ náà padà sí bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí ó jáde nílé-iṣẹ́. Àwọn tí ń ṣe èyí kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Wọ́n ń wá bóòtù tí ó ní àmì ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é lórí, wọ́n sì ń wá wáyà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ìgbà náà mu. Wọ́n tilẹ̀ ń tún àmì ẹfun tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sára irin nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò fà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Níbí yìí, àléébù wà nínú àṣejù. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ lójúmọ́ ní ọdún 1969 kò ráyè kí ó máa fi ìka pa ọ̀dà. Ọ̀dà a máa ṣàn wálẹ̀ níbòmíràn, àlàfo ilẹ̀kùn kan a sì máa fẹ̀ ju èkejì lọ. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ń dán ju bí ó ṣe dán lọ́jọ́ tí wọ́n bí i kì í ṣe èyí tí wọ́n dá padà sípò mọ́. Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti sọ ọ́ dà.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní restomod. Ojú ọkọ̀ náà yóò jẹ́ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, gíá àti ohun tí ń gbé táyà ró yóò jẹ́ ti òde òní. Àwọn tí ó fẹ́ wa ọkọ̀ wọn lójoojúmọ́ ni ó sábà máa ń gba ọ̀nà yìí.

Kò sí èyí tí ó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó burú ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìmọ ọ̀nà tí òun ń tọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ

Ìpẹtà ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn a sì máa jẹ irin ọkọ̀ láti abẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníbàárà fi ń wá ọkọ̀ láti California àti Arizona, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, bí oòrùn tilẹ̀ ti sun ìjókòó rẹ̀ di ẹ̀tù.

Ibi tí ìpẹtà ń sá pamọ́ sí kì í ṣe ibi tí ojú ń tètè rí. Ó ń wà ní ilẹ̀ búùtù, ní ilẹ̀ ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, lábẹ́ gíláàsì iwájú, àti lábẹ́ awọ tí wọ́n fi bo òrùlé àwọn kan lára wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ó ti ra ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán, àfìgbà tí wọ́n há ọ̀dà náà tán tí wọ́n rí i pé àtè tí wọ́n fi ń dí ihò ni ó pọ̀ ju irin lọ. Òòfà kékeré kan tí a fi aṣọ wé kí ó má ba ọ̀dà jẹ́ lè gba èèyàn lọ́wọ́ òfò ńlá: ibi tí irin bá wà, òòfà yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ibi tí àtè bá nípọn, yóò já bọ́.

Bí wọ́n ṣe to ọkọ̀ náà pọ̀ tún ṣe pàtàkì. Pontiac GTO àti Chevrolet Chevelle ní ṣáásì lábẹ́, tí wọ́n gbé báàdì lé lórí, nítorí náà wọ́n lè gbé báàdì kúrò kí wọ́n tún ìsàlẹ̀ ṣe lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n Mustang àti àwọn ọkọ̀ Dodge àti Plymouth kò ní irú ṣáásì bẹ́ẹ̀. Báàdì gan-an ni egungun ọkọ̀. Bí ìpẹtà bá jẹ irú ọkọ̀ yìí láti ìsàlẹ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó jẹ. Àwọn ajórin gbọ́dọ̀ fi irin de báàdì náà pinpin kí wọ́n tó gé ibi tí ó bàjẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ yóò wọ́, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé mọ́.

Kí wọ́n tó tú ọkọ̀ palẹ̀, àwọn tí ó mọṣẹ́ máa ń ya fọ́tò gbogbo ibi, wọn a sì kọ orúkọ sára àpò tí wọ́n kó bóòtù kọ̀ọ̀kan sí, nítorí pé ọdún méjì lè kọjá kí wọ́n tó padà dé orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò há ọ̀dà kúrò. Bí wọ́n bá lo ẹ̀rọ tí ń fẹ́ iyanrìn, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé iyanrìn tí a fẹ́ pẹ̀lú ipá lè mú kí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé ká wọ́nkọwọ̀nkọ, tí kò ní nà mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Dynacorn tilẹ̀ ń ṣe odindi báàdì tuntun fún àwọn ọkọ̀ kan, irú bíi Camaro ti ọdún 1969. Èyí gba ẹni tí báàdì rẹ̀ ti jẹrà pátápátá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè kan dìde: bí báàdì bá jẹ́ tuntun, tí ẹ́ńjìnnì náà sì jẹ́ tuntun, kí ni ó kù tí a lè pè ní ọkọ̀ ọdún 1969?

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́, epo òde òní

Láyé ìgbà tí wọ́n ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, òjé wà nínú epo bẹntiróòlù. Òjé náà ń ṣe iṣẹ́ méjì: kì í jẹ́ kí epo bú gbàmù ṣáájú àkókò nínú síláńdà, ó sì ń dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó lé. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà ti ka títa epo olójèé fún ọkọ̀ ojú títì léèwọ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ ibi tí fáàfù ń jókòó, wọn a sì fi irin tí ó le sí i. Ojú kò ní rí àtúnṣe yìí, ṣùgbọ́n òun ni yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà pẹ́.

Ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo òde òní tún jẹ́ ewu mìíràn. Ó máa ń jẹ àwọn rọ́bà àtijọ́ tí epo ń gbà kọjá, epo a sì máa kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ọkọ̀ tí wọ́n ná ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là lé lórí lè jóná nítorí rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Òróró ẹ́ńjìnnì náà ti yí padà. Èròjà zinc tí ó ń dáàbò bo irin tí ń ṣí fáàfù nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti dín kù nínú òróró ọkọ̀ òde òní, nítorí náà ẹni tí ó bá kàn da èyí tí ó rí sí i lè ba ẹ́ńjìnnì tuntun jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà sì ní òdiwọ̀n. Nígbà tí síláńdà bá ti jẹ, wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, wọn a sì fi pisítìnì tí ó tóbi díẹ̀ sí i. Ìgbà tí wọ́n lè ṣe èyí kò pọ̀ kí irin tó fẹ́lẹ́ jù. Oníṣẹ́ tí ó bá fi ìwàǹwára gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí ọkọ̀ mọ́ ti ná ohun tí kò ní rí rà lọ́jà.

Kí ọkọ̀ àtijọ́ máa sáré bíi tuntun

Àwọn tí ó yan ọ̀nà kẹta ní ìdí tí ó ṣe gúnmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n kọ́ láti sáré, ṣùgbọ́n tí wọn kò kọ́ láti dúró. Bíréèkì onílùú ni wọ́n fi sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀pọ̀ wọn. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí eré, yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1967, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni òróró bíréèkì ń gbà lọ sí gbogbo táyà. Ibi kan ṣoṣo tí ó bá jò, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kan ilẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Fífi bíréèkì onípáálí irin síwájú, àti pípín ọ̀nà òróró sí méjì, kì í ṣe fáàrí. Ẹ̀mí ni ó ń dá sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́líìtì tí ń gba èjìká kọjá, tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ wọn kí òfin tó sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọkọ̀ tuntun ní ọdún 1968.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń lò jù lọ ni ẹbí LS ti General Motors, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde nínú Chevrolet Corvette ti ọdún 1997. Lítà 5.7 ni, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ẹṣin 345. Ẹni tí ó bá wo ìwé yóò sọ pé Pontiac GTO ti ọdún 1964 náà ní agbára ẹṣin 325, pé kí ni ìyàtọ̀? Ìyàtọ̀ wà nínú ìwọ̀n. Ṣáájú ọdún 1972, wọ́n ń wọn ẹ́ńjìnnì ní ìhòòhò, láìsí sàléńsà tirẹ̀ lẹ́yìn, láìsí ohun tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́, láìsí ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì ní iná. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́ bí ó ṣe wà nínú ọkọ̀ gan-an. Nítorí náà, 325 àtijọ́ kéré sí bí ó ṣe ń dún létí.

Ṣùgbọ́n agbára nìkan kò tó. Báàdì tí wọ́n kọ́ fún ẹ́ńjìnnì kékeré lè máa lọ́ bí wọ́n bá gbé èyí tí ó le sínú rẹ̀ láìfi irin so iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Àwọn tí ó mọṣẹ́ máa ń tẹ̀lé ètò kan: bíréèkì ni àkọ́kọ́, táyà àti ohun tí ń gbé e ró ni ó tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì ni ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá yí ètò náà sódì ti ra eré tí kò lè dá dúró.

Ibí yìí ni òwe omi àti agbè ti wúlò. Bí omi bá dànù tí agbè kò bá fọ́, èèyàn lè tún omi mìíràn pọn. Ẹni tí ó bá tú ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, tí ó fi òróró pa á, tí ó wé e, tí ó sì gbé e sí igun ilé pẹ̀lú kábúrétọ̀ àti bíréèkì rẹ̀, omi ni ó dà nù. Ọmọ rẹ̀ lè dá gbogbo rẹ̀ padà ní ọgbọ̀n ọdún òní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gé ilẹ̀ ọkọ̀ kí gíá ńlá lè wọlé, tí ó lu ihò sára ògiri ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ta ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ fún ẹni tí yóò yọ́ irin rẹ̀, agbè ni ó fọ́. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ọkọ̀ lásán tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ wà, kò sí ohun tí ó ṣe. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú díẹ̀ tí ó kù, àdánù gbogbo ayé ni.

Ìwé ọkọ̀ àti irọ́ inú ọjà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, wọ́n ta Plymouth Hemi 'Cuda ti ọdún 1971, èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká, ní mílíọ̀nù 3.5 dọ́là ní gbàǹjo kan ní ìlú Seattle. Irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún náà kò ju méjìlá lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni 'Cuda lásán, tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, kò tó ìdá kékeré nínú owó yẹn. Ibi tí owó bá ti tó báyìí, àwọn tí yóò fẹ́ fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sọ ọkọ̀ lásán di ọkọ̀ pàtàkì kò ní ṣàìsí níbẹ̀.

Àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti ara nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ Dodge àti Plymouth ti ọdún 1970 àti 1971, lẹ́tà R tí ó bá wà ní ipò karùn-ún nọ́ńbà náà ni ó ń fi hàn pé ẹ́ńjìnnì Hemi ni wọ́n bí ọkọ̀ ọ̀hún mọ́. Nọ́ńbà Pontiac GTO ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 242 láti ọdún 1966, ṣùgbọ́n ti ọdún 1964 àti 1965 kò yàtọ̀ sí ti LeMans, nítorí pé àfikún ni GTO jẹ́ nígbà náà. Chevelle ló tilẹ̀ gba ọgbọ́n jù. Láti ọdún 1969, SS di àfikún, nọ́ńbà ọkọ̀ kò sì lè sọ bóyá Chevelle kan jẹ́ SS ní tòótọ́. Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń to ọkọ̀, tí wọ́n sábà máa ń rí lábẹ́ ìjókòó tàbí lórí táǹkì epo, ni ẹ̀rí tí ó dájú. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń tú ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ rọra ka gbogbo bébà tí ó bá rí kí ó tó sọ ọ́ sínú ààtàn.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn sọ Chevelle lásán di èyí tí ó jọ SS, bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ẹ̀ṣẹ̀ náà wà nínú kí ó dákẹ́. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ náà lè fara gbá. Ní ọdún 2016, ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Kansas ra Chevrolet Corvette ti ọdún 1959 ní nǹkan bí 50,000 dọ́là. Ọkọ̀ eré ìje ni Corvette, kì í ṣe ọkọ̀ oníṣan gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo ọkọ̀ àtijọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò kí ó tó gba ìwé rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn ìṣó tí ó de páálí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó tún ọkọ̀ náà ṣe tẹ́lẹ̀ ti yọ páálí náà, ó sì ti dá a padà. Wọ́n gba ọkọ̀ náà ní ọdún 2017, nítorí pé òfin ìpínlẹ̀ náà ka irú rẹ̀ sí ohun tí ó yẹ kí wọ́n run. Ó di ọdún 2022 kí wọ́n tó tún òfin náà ṣe, kí ó lè dá ẹni tí ó yọ páálí nítorí àtúnṣe mọ̀ yàtọ̀ sí olè. Ó lé ní ọdún márùn-ún tí ọkùnrin náà kò fi fojú kan ohun tí ó fi owó rẹ̀ rà, gbogbo rẹ̀ nítorí ìṣó díẹ̀ tí ẹlòmíràn yọ.

Kí ó tó mú sípánà

Owó tí ń bá iṣẹ́ yìí lọ kì í ṣe kékeré, ó sì sábà máa ń ju iye tí ọkọ̀ náà yóò tà lọ. Ẹni tí ó bá ń wá èrè, ó sàn kí ó ra èyí tí ẹlòmíràn ti tún ṣe parí. Èyí kò ní kí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ dáwọ́ dúró, nítorí pé àwọn mìíràn ń ṣe é láti fi rántí bàbá wọn, àwọn mìíràn sì ń ṣe é nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbọ́ ní kékeré, tí kò kúrò létí wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, ó yẹ kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Irú ọkọ̀ yìí mélòó ni ó kù? Kí ni nọ́ńbà àti ìwé rẹ̀ sọ? Ṣé ibi ìpàtẹ ni yóò máa gbé e lọ, àbí ojú títì ni yóò ti máa wà á? Èwo nínú ohun tí ó fẹ́ ṣe ni ẹlòmíràn lè dá padà lọ́la? Bí ìdáhùn bá ti wà nílẹ̀, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì máa fi ìwé náà, fọ́tò àti rìsíìtì pamọ́ sínú ọkọ̀. Ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ọmọ tí yóò jogún rẹ̀ yóò mọ ibi tí ojúlówó parí sí àti ibi tí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè fi ọkọ̀ náà purọ́ fún un.